Ọdẹ́rìndé Lọ Bẹ Odò Ayánrin

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ kánsù. Ẹni tí kò bá rí àga, kó jókòó sílẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ fi àga lu ara yín lánàá. Ìwọ tí wọ́n di báńdéèjì mọ́ lórí yẹn, sún mọ́ mi kí o lè gbọ́. Èmi Ògúnrántí, ọdẹ tó ti darúgbó, èmi lẹ ránṣẹ́ sí pé kí n wá sọ ìtàn tí ọkàn yín yóò fi rọ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ó rẹ̀ mí. Mo ti sọ ìtàn fún àwọn baba yín nígbà tí àwọn náà ń jà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n fún mi ní ẹmu, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ìdí nìyí tí mo fi wá.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti ọ̀gá mi ni, Ọdẹ́rìndé, ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ ọdẹ, ẹnu rẹ̀ ni mo sì ti gbọ́ ọ. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan, mo ti fi ìrù ẹkùn so ṣòkòtò mọ́ ìdí, kò sì sí igbó tí mo wọ̀ tí kò kí mi kú àbọ̀. Síbẹ̀, ìrìn tí ọ̀gá mi rìn yìí, mi ò lè rìn ín.

Ní ìlú Etídò tí ọ̀gá mi ń gbé, bèbè odò Ayánrin ni ìgbìmọ̀ ìlú ti máa ń ṣèpàdé. Wọ́n ní àṣà kan tí mi ò rí níbòmíràn. Bí ìpàdé bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọn á bu omi odò sínú igbá, olúkúlùkù ọmọ ìgbìmọ̀ á sì bu díẹ̀ sẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni yóò gbé tirẹ̀ mì kó lè sọ̀rọ̀. Àwọn yòókù á mú omi dúró, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn á wú, wọn á máa gbọ́. Ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀ kò lè já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ọlọ́rọ̀ bá parí, ẹni tó fẹ́ fèsì á gbé omi tirẹ̀ mì, òun náà á sì sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wọn ṣe ń ṣe é, ìlú sì tòrò.

Ọ̀rọ̀ ọjà ló ba nǹkan jẹ́. Ìsàlẹ̀, lẹ́bàá odò, ni ọjà Etídò wà. Lọ́dọọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, omi á wọ ọjà, á kó ẹrù ọlọ́jà lọ. Ọdẹ́rìndé, tó ń ṣojú fún àdúgbò Òkè, ní kí wọ́n gbé ọjà lọ sórí òkè. Ìlọ̀rí, tó ń ṣojú fún àdúgbò Ìsàlẹ̀, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlọ̀rí yìí kì í ṣe àjèjì. Àbúrò Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọdẹ́rìndé, ni. Àna ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn, ẹ̀yin náà sì mọ ohun tí à ń pè ní àna nílẹ̀ yìí. Ẹni tí à ń dọ̀bálẹ̀ fún ni, bó tilẹ̀ kéré sí wa.

Ìpàdé gorí ìpàdé, omi kò pẹ́ lẹ́nu mọ́. Ẹlòmíràn á ti gbé tirẹ̀ mì kí ọlọ́rọ̀ tó sọ gbólóhùn méjì, kó lè ráyè já lu ọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ bu ún sẹ́nu mọ́, á kàn wú ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán. Nígbà tó yá, Ìlọ̀rí dìde lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí..." Ibẹ̀ ló sọ ọ́ dé. Ọdẹ́rìndé kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó tu omi ẹnu rẹ̀ sí àna rẹ̀ lójú, fùú, ó ní, "Ti àwọn òmùgọ̀ bíi tìrẹ, àbí?"

Ni Òkè bá tu sí Ìsàlẹ̀ lójú, tí Ìsàlẹ̀ tu sí Òkè. Ẹnu tí àgbààgbà fi ń jẹ obì ni wọ́n fi ń bú ìyá ara wọn. Odò Ayánrin ń wò wọ́n. Omi tí ó fún wọn kí wọ́n lè máa gbọ́ ara wọn, òun ni wọ́n ń tu síra wọn lójú yìí. Kí oòrùn tó wọ̀, odò náà ká ara rẹ̀ nílẹ̀ bí ẹni ká ẹní, ó kọrí sínú igbó. Ẹja ń ta pàtìpàtì lórí iyanrìn, àwọn ará Etídò dúró, wọ́n ń wo àmù ara wọn.

Láti ọjọ́ náà, omi àbàtà ni wọ́n ń mu. Kò pẹ́ tí Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn. Inú ń run ún, ohun tó bá jẹ kò dúró níkùn, ara rẹ̀ ń gbẹ. Oníṣègùn wò ó títí, ó ní òun kò ní egbòogi tí òun lè fún un. Omi tó mọ́ ni oògùn rẹ̀, bí kò bá sì tètè rí i, kí ọkọ rẹ̀ máa múra sílẹ̀. Ẹ̀rù ba ọ̀gá mi. Ọkùnrin tí kò sá fún efọ̀n rí, ó jókòó sẹ́bàá ẹní ìyàwó rẹ̀, ó ń sunkún. Ọmọ kankan kò ṣẹ́kù fún wọn láyé, àwọn méjèèjì nìkan ló ní ara wọn.

Ìgbìmọ̀ pé jọ láti wá ẹni tí yóò lọ bẹ odò. Ọ̀rọ̀ yẹn náà tún di ariwo. Òkè ní ẹ̀bi Ìsàlẹ̀ ni, Ìsàlẹ̀ ní ẹ̀bi Òkè ni. Níkẹyìn, àwọn àgbà ní kí Ọdẹ́rìndé lọ, torí òun ló kọ́kọ́ tu omi, òun ló sì mọ igbó. Kò bá wọn jiyàn. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó sì lọ dágbére fún Àwẹ̀ró. Obìnrin náà ṣí ojú, ó ní, "Olówó orí mi, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni o. Mo mọ̀ yín."

Bí ó ṣe wọ igbó, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró. Igbó ni igbó ń jẹ́. Ìlú tó kọ́kọ́ kàn ni Ìlú Olókò. Ẹ̀yin ará, nínú ìlú yìí, èébú tí ènìyàn bá bú, òkúta ló ń dà. Bí ẹnìkan bá pe ẹnìkejì ní òdẹ̀, òkúta kékeré á já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá bú baba rẹ̀, òkúta tó tó orí màlúù á já bọ́. Wọ́n ti bú ara wọn títí òkúta fi bo ilé dé àjà, òrùlé nìkan ni à ń rí. Orí òkìtì èébú ni wọ́n ń rìn, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Wọn kò lè dé oko mọ́, torí wọ́n ti fi ẹnu dí ọ̀nà oko. Ebi ń pa wọ́n, síbẹ̀ ẹni tí òkìtì rẹ̀ bá ga jù ni wọ́n ń fi joyè.

Ọdẹ́rìndé rí oníbodè wọn lórí òkìtì kan, ó ní, "Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Ọ̀nà wo ló lọ sí orísun Ayánrin?"

Oníbodè ní, "Ta ni ọ̀bọ arúgbó tó ń béèrè ọ̀nà yìí?" Òkúta kan já bọ́, gbì.

Ẹ̀yin kò mọ ọ̀gá mi. Bí ó bá bú ènìyàn ní àárọ̀, títí di ìrọ̀lẹ́ ni onítọ̀hún á máa wá ẹni tí yóò bá òun sọ pé irọ́ ni. Ó gbàgbé ìkìlọ̀ Àwẹ̀ró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó yanu, ó bú oníbodè láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀, ó bú ilé tí wọ́n bí i sí, ó bú ajá ilé náà. Kó tó pa ẹnu dé, àpáta kan ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì bọ́ lé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá mi hu bí ìkookò.

Ṣé ẹ rò pé wọ́n ṣàánú rẹ̀? Àwọn ará ìlú sáré jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní àwọn kò rí irú òkúta yìí rí láti ẹnu àlejò. Wọ́n ní kó jókòó ti àwọn, àwọn á fi í jẹ Balógun Ẹnu, àwọn á fún un ní ìyàwó. Ọdẹ́rìndé wo àpáta tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó wo àwọn tó ń yìn ín, ó sì rántí ìyàwó tó fi sílẹ̀ lórí ẹní. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti àpáta, kò mì. Ó fi ìdí ìbọn gbé e, ìdí ìbọn kán. Ẹyin ni ohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ni í fọ́; ti Ìlú Olókò kì í tilẹ̀ fọ́, ń ṣe ló ń jókòó síbi tó bá bọ́ sí.

Nígbà tí agbára rẹ̀ tán, ó gbójú sókè sí oníbodè, ó ní, "Má bínú. Ohun tí mo sọ sí ọ kò dára. Mi ò mọ baba rẹ, mi ò sì mọ ajá ilé yín." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀, àpáta dín kù, ó di òkúta wẹ́wẹ́, ó sì di iyanrìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde, ọmọ-ìka kan ti rún. Oníbodè wo iyanrìn náà. Ó ní, "Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi." Ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkìtì, ó fi ọ̀nà hàn án, kò sì bú u mọ́.

Ọdẹ́rìndé ń tiro lọ. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń dá sọ̀rọ̀, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé láti òní lọ òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ líle sí ẹnikẹ́ni mọ́, òun á kàn máa rẹ́rìn-ín ni, òun á máa dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe ń rò ó lọ́wọ́ ló wọ Ìlú Bẹ́ẹ̀ni.

Inú rẹ̀ dùn ní ìlú yìí lákọ̀ọ́kọ́. Kò sí ẹni tó ń pariwo. Ọmọdé kúnlẹ̀ kí i, àgbà tẹríba kí i. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹsẹ̀ kò dun òun mọ́, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n mú un lọ sí ààfin, níbi tí ọba ti ń ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn ìjòyè ní ọ̀sán gangan. Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀. Bó ṣe gbórí sókè, ó rí i pé òrùlé ààfin ti gbiná, koríko ń jó, eérú ń já bọ́ sórí adé.

Ó wo àwọn ìjòyè. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Kábíyèsí, ààfin yín mọ́lẹ̀ yòò lónìí." Èkejì ní, "Ara gbogbo wa sì gbóná fún ìfẹ́ yín." Ọ̀gá mi rò pé ojú òun ló ń tan òun jẹ. Eérú já bọ́ lé e lọ́rùn, ó jó o, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ojú.

Ó ní, "Kábíyèsí, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Ẹ dìde. Iná ń jó lórí ilé yín."

Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn. Ọba náà, arúgbó kan tí òógùn bò lójú, ní ohùn pẹ̀lẹ́, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tó ti ń ta mí lára. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ń sọ pé ó dára, mo ń rò pé bóyá èmi nìkan ni ooru ń mú." Ó dìde, ó sì jáde. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu ọ̀nà tí àjà fi wó lulẹ̀ sórí ìtẹ́.

Ẹ̀yin á rò pé wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Àwọn ìjòyè yọ pàṣán, wọ́n lé e jáde nílùú, torí ó sọ ohun tí ẹnìkan kò bi í. Bí wọ́n sì ṣe ń nà án, wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un. Pàṣán á dún, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá." Pàṣán á tún dún, wọ́n á ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín o." Ọ̀gá mi ní nínú gbogbo ìyà tí òun ti jẹ láyé, kò sí èyí tó bí òun nínú tó ìyẹn. Ìwọ lẹ́yìn yẹn, o ń rẹ́rìn-ín. Ṣé ìwọ kọ́ ni o máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni fún alága, tí o bá dé ẹ̀yìnkùlé tí o máa ń sọ nǹkan mìíràn? Mo kàn ń béèrè ni.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọdẹ́rìndé dé orísun Ayánrin. Ẹ̀yìn rẹ̀ bó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ìdí ìbọn rẹ̀ kán. Ó rí obìnrin arúgbó kan tó jókòó lórí àpáta, tó ki ẹsẹ̀ bọ omi. Gbogbo odò Ayánrin wà lẹ́yìn rẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́ nínú kòtò, ó mọ́ débi pé ènìyàn lè rí ìsàlẹ̀. Ìyá náà ń tòògbé. Àárẹ̀ hàn lójú òun náà.

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìjókòó, Ìyá Olómi. Etídò ló rán mi sí yín."

Ìyá náà kò ṣí ojú. "Etídò kò lè rán ènìyàn. Etídò kò ní ẹnu kan. Ta ni ìwọ?"

"Èmi Ọdẹ́rìndé ni."

"Ìwọ tó tu mí sí àna rẹ lójú." Ó wá ṣí ojú. "Ó dáa. Ohun kékeré kan ni mo fẹ́. Ẹni tí ẹ jọ ń jà yẹn, ro ẹjọ́ rẹ̀ fún mi. Kì í ṣe tìrẹ, tirẹ̀. Rò ó bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe rò ó, tí mo bá dijú, kí n máa rò pé òun ló dúró níwájú mi. Bí o bá ṣe é, n ó bá ọ lọ sílé."

Ọ̀gá mi mí kanlẹ̀. Ó rò pé ìṣòro ti tán. Ó ní, "Ìlọ̀rí ní ọjà kò ní kúrò nísàlẹ̀, torí olóríkunkun ni, kò sì fẹ́ kí ìlú tẹ̀síwájú."

Omi inú kòtò fà sẹ́yìn. "Èébú nìyẹn," ni ìyá náà wí. "Mo ní ẹjọ́."

Ọ̀gá mi ronú. Ó ní, "Ó ní baba ńlá òun ló dá ọjà náà sílẹ̀, nítorí náà ti ìdílé òun ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"Kò sí. Mo rò pé ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn."

Omi tún fà sẹ́yìn, ó ku díẹ̀ nísàlẹ̀ kòtò. Ọdẹ́rìndé ń wá inú ọkàn rẹ̀ kiri. Ọ̀pọ̀ ìpàdé ni òun àti Ìlọ̀rí ti jọ ṣe. Ó rántí ojú Ìlọ̀rí, ó rántí bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe máa ń le, ó rántí gbogbo èsì tí òun fúnra rẹ̀ fún un, títí kan èyí tí àwọn ènìyàn fi rẹ́rìn-ín. Ó rántí "Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí..." Lẹ́yìn ìyẹn, kò rí nǹkan kan. Àwọn tí ta ni? Àwọn tí kí ni? Gbogbo ìgbà tí Ìlọ̀rí bá ti dé ibẹ̀, òun ti máa ń já lù ú.

Ó gbé ojú sílẹ̀. "Ìyá, mi ò mọ̀ ọ́n. Mi ò gbọ́ ọ parí rí."

Omi dúró, kò fà sẹ́yìn mọ́. Ìyá náà ní, "Òótọ́ tí o kọ́kọ́ sọ nìyẹn láti ìgbà tí o ti dé. Padà sílé, kí o lọ béèrè. Bí o bá gbọ́ ọ, tún un sọ lójú rẹ̀. Bí òun bá ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, n ó gbọ́ láti ibí."

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bu igbá kan lọ. Ìyàwó mi ń kú lọ."

"Gbogbo ẹni tó wà ní Etídò ló ní ẹni tó ń kú lọ," ni Ìyá Olómi wí. "Ìwọ nìkan kọ́." Ó sì padà sínú oorun rẹ̀.

Ọ̀gá mi sunkún ní gbogbo ọ̀nà. Kò sí ohun tó le tó kí ènìyàn rìn dé orí omi, kó sì fi ọwọ́ òfo padà sọ́dọ̀ ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ.

Nígbà tó dé Etídò, gbogbo ìlú ti gbé àmù àti kèrègbè jáde. Wọ́n ní, "Omi dà?" Ó kọ́kọ́ lọ wo Àwẹ̀ró. Ó ṣì ń mí, ètè rẹ̀ ti bó. Ọ̀gá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú díẹ̀, ó sì jáde, ó kọrí sí ilé Ìlọ̀rí.

Ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, níṣojú gbogbo ènìyàn, orí ewú dọ̀bálẹ̀ fún orí dúdú. Ìlọ̀rí jáde, ojú tì í. "Ẹ dìde, àna mi. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Mi ò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọjọ́ yẹn lẹ́bàá odò, ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu rẹ. O ní, 'Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tí.' Mo wá gbọ́ ìyókù ni."

Ìlọ̀rí ní, "Kí ẹ lè tún tu omi sí mi lójú?"

"Omi wo?" ni Ọdẹ́rìndé wí.

Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí ọ̀rọ̀ bá ti ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ṣùgbọ́n Ìlọ̀rí ní òun kò ní sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà bí olè. Bí wọ́n bá fẹ́ gbọ́, níwájú ìgbìmọ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ bá pé sí bèbè odò gbígbẹ nínú oòrùn. Kò sí omi tí ẹnikẹ́ni lè bu sẹ́nu. Agbára inú ni olúkúlùkù fi pa ẹnu rẹ̀ mọ́, ẹ sì gbà mí gbọ́, mo ti rí ọkùnrin tó gbé erin, mi ò rí iṣẹ́ tó le tó ìyẹn. Ìlọ̀rí bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ariwo, bí ó ti máa ń ṣe. Ó nawọ́, ó gbọn ẹ̀wù, ó ń retí ẹni tí yóò já lu òun. Kò sí ẹnìkan. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró, ó wo yíká. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn tí ènìyàn fi ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́.

Ó ní, "Mo mọ̀ pé omi ń wọ ọjà. Ó ti kó àwọn ẹrù tèmi náà lọ. Mi ò sọ rí pé kí ọjà má kúrò. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti àwọn tí kò lè gun òkè. Àwọn ìyá àgbà kan wà tí orúnkún wọn ti kú. Bí ọjà bá lọ sókè, àwọn ti jókòó sílé nìyẹn títí wọn ó fi kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọn ìsọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọn ní ẹsẹ̀ òkè, níbi tí omi kì í dé. Ẹ̀gbọ́n mi Àwẹ̀ró wà lára wọn, inú ọjà yẹn ló ti ń ta òwú láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge. Àna mi, ẹ̀yin lẹ ń fi òrí pa á lórúnkún lálaalẹ́. Ta lẹ rò pé yóò máa gbé e gun òkè?"

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ọ̀gá mi ní ọ̀rọ̀ náà wọ òun lára ju àpáta Ìlú Olókò lọ. Àwẹ̀ró kò sọ ọ́ fún un rí, torí kò fẹ́ tako ọkọ rẹ̀ níta. Ọdẹ́rìndé fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀, ó fẹ́ gbèjà ara rẹ̀. Ó gé ètè jẹ. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀rọ̀ Ìlọ̀rí sọ. "Ìlọ̀rí ní kí ọjà dúró sísàlẹ̀ nítorí àwọn ìyá àgbà."

"Rárá," ni Ìlọ̀rí wí. "Mi ò ní kó dúró."

Ó tún un sọ. Ìlọ̀rí ní ó ku díẹ̀. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú omijé lójú, ó dárúkọ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú. Ìlọ̀rí jókòó sílẹ̀ lórí iyanrìn. "Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ló wí. "Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn. Gbogbo ọdún tí mo ti ń pariwo yìí, mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò ju báyìí lọ."

Ayánrin padà. Kò ya wọ ìlú bí omíyalé. Ó rọra ń bọ̀ lórí iyanrìn, tẹ́ẹ́rẹ́, bí arìnrìn-àjò tí àárẹ̀ mú. Àwọn ènìyàn gbé igbá, wọ́n sáré. Ọdẹ́rìndé kò lè sáré, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ìlọ̀rí ló bu omi, òun ló gbé e, àwọn méjèèjì sì jọ wọ yàrá Àwẹ̀ró.

Obìnrin náà la ojú, ó rí ọkọ rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kan náà. Ó ti pẹ́ tó ti rí irú rẹ̀. Ó ní pẹ̀lú ohùn tí kò jáde dáadáa, "Ẹ̀yin méjèèjì. Ta ló wá borí?"

Ọdẹ́rìndé wo Ìlọ̀rí. Ìlọ̀rí wo Ọdẹ́rìndé.

"Mu omi," ni ọkọ rẹ̀ wí. Ó gbé orí rẹ̀ lé apá, Ìlọ̀rí sì gbé igbá sí i lẹ́nu. Àwẹ̀ró mu ún.

Ibẹ̀ ni mo sọ ẹrù ọ̀rọ̀ kalẹ̀ sí, ẹ̀yin ọmọ kánsù. Ó rẹ̀ mí, mi ò sì ní orin tí mo lè fi lé e. Ẹni tó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ títí dé òpin. Mo ń gbọ́.